Ta Ló Bi Ìbéèrè Náà? Fìlọ́sọ́fì Kì Í Ṣe Ẹrù Lórí Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì

Lọ́dọọdún tí ìdánwò BAC bá ti ń sún mọ́lé, ohùn kan náà la máa ń gbọ́ ní Fidjrossè níbí. Ọmọ tó wà ní ẹ̀ka C tàbí D, ìyẹn àwọn tí ìṣirò, físíìsì àti ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí jẹ́ olórí iṣẹ́ wọn, á máa ráhùn pé kí ni wọ́n tún ń fi fìlọ́sọ́fì dí òun lọ́wọ́ sí. Àwọn òbí á sì gbè é lẹ́yìn. Ìyá tó ń yan ẹja tà létíkun àti bàbá tó ń wa zémidjan kò rí owó ilé-ẹ̀kọ́ he. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn di dókítà tàbí ẹnjiníà, wọn kò sì rí ibi tí àròjinlẹ̀ ti ń wo ibà sàn. A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn tó gboyè ní yunifásítì pàápàá.

A kò bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n a rò pé wọ́n ṣì í, ìdí tí a sì fi rò bẹ́ẹ̀ kan àwọn tó ń ta ewé àti egbò ní Dantokpa ju bó ṣe kan àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀. Fìlọ́sọ́fì, tí àwọn kan ń pè ní ìmọ̀ ọgbọ́n-orí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídíjú lásán. Iṣẹ́ bíbi ìmọ̀ fúnra rẹ̀ léèrè ni. Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n? Kí lo ń sọ nígbà tí o ní nǹkan kan ló fa èkejì? Ta ló bi ìbéèrè yìí kí ìwọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdáhùn rẹ̀ kiri? Oníṣòwò mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀wà lọ́jà kì í kàn ka iye kóńgò tí wọ́n wọ̀n fún un. Á kọ́kọ́ gbé kóńgò náà, á wo ìdí rẹ̀ bóyá wọn kò ti lù ú wọnú. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń wọn ẹ̀wà. Ẹni tó ń yẹ kóńgò wò, iṣẹ́ fìlọ́sọ́fì ló ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta kò wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ o. Ẹni tó ń wá kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kò nílò kó ka Descartes kó tó rí i. Ní 2010, Stephen Hawking, gbajúmọ̀ onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé tí òun àti Leonard Mlodinow jọ ṣe pé fìlọ́sọ́fì ti kú, pé kò lè bá ìmọ̀ físíìsì òde òní rìn mọ́. Ọ̀rọ̀ ńlá lẹ́nu ẹni ńlá. Ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín ni pé nínú ìwé kan náà ló ti ń ṣàlàyé ohun tí a lè pè ní òótọ́, àti bóyá àwòrán tí onímọ̀ ń yà nípa ayé ni ayé gan-an. Fìlọ́sọ́fì nìyẹn. Ó sin òkú tán, ó tún padà lọ bá òkú náà jẹun.

Ẹ wo etíkun wa. Ní Cotonou, òkun ń jẹ ilẹ̀ ní apá ìlà-oòrùn ìlú, ó sì ti gbé ilé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ kí wọ́n tó kó òkúta wá dí i. Àwa tí a wà ní Fidjrossè, ní ìwọ̀-oòrùn èbúté, kò rí i bẹ́ẹ̀. Kí ló fà á? Ẹni tó bá béèrè pé báwo la ṣe lè dá òkun dúró, òkúta ni yóò máa wá kiri. Ẹni tó bá béèrè pé kí ló dá iyanrìn dúró á rí nǹkan mìíràn. Omi òkun máa ń gbé iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn lẹ́bàá etíkun yìí, ògiri òkúta èbúté tí wọ́n ṣí ní 1965 sì dí i lọ́nà. Iyanrìn ń kó jọ sí apá kan, apá kejì ló ń san gbèsè rẹ̀. Ẹnjiníà méjì lè wo òkun kan náà, kí wọ́n lo ẹ̀rọ kan náà, síbẹ̀ kí ohun tí wọ́n máa rí yàtọ̀ nítorí pé ìbéèrè wọn yàtọ̀. Kò sì sí ẹ̀rọ tó ń sọ fún èèyàn pé ìbéèrè wo ni kó béèrè.

Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ pé ta ló ń bi ìbéèrè ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀ kì í ṣe ará ọ̀nà jíjìn. Paulin Hountondji ni, ọmọ orílẹ̀-èdè Benin wa yìí, tó kú ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 2024. Abidjan ni wọ́n bí i sí ní 1942, Àjàṣẹ́ ló ti ka ìwé mẹ́wàá, ó lọ sí Faransé, ó kọ́ fìlọ́sọ́fì dójú àmì, ó sì padà wálé ní 1972 láti wá kọ́ni ní yunifásítì wa. Àwọn àgbà á rántí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́ lẹ́yìn àpérò gbogbogbòò ti 1990.

Hountondji wo iṣẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Áfíríkà, ó ní ó jọ bí wọ́n ṣe ń ṣòwò nígbà ìjọba amúnisìn. Ẹ jẹ́ kí àwa fi òwú ṣàpèjúwe rẹ̀. Òwú ń hù lápá àríwá ilẹ̀ wa. Wọ́n ń ká a, wọ́n ń yọ kóró rẹ̀, wọ́n ń dì í, ó ń wọkọ̀ ojú omi lọ. Ibòmíràn ni wọ́n ti ń ran án, tí wọ́n ti ń hun ún, tí wọ́n sì ti ń tẹ àwòrán sí i lára. Aṣọ ló ń padà wá bá wa ní Dantokpa, ní iye tí ẹni tó gbin òwú kò lè san. Lóòótọ́, ilé-iṣẹ́ ti ń dìde ní Glo-Djigbé báyìí láti yí ìyẹn padà. Ṣùgbọ́n bí ọjà náà ṣe rí fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn.

Hountondji ní ọ̀nà kan náà ni ìmọ̀ ń gbà. Onímọ̀ wa ń lọ sí oko, ó ń lọ sí ọjà àti ilé-ìwòsàn, ó ń ṣa àlàyé jọ: ewé tibí, ẹ̀jẹ̀ tọ̀hún, iye òjò tó rọ̀ lọ́dún yìí. Ó ń kó o ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ro ìtumọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ti ń sọ ọ́ di òfin ìmọ̀. Ìwé rẹ̀ á padà wá, a ó rà á, a ó fi kọ́ àwọn ọmọ wa. Ìbéèrè tí onímọ̀ náà ń dáhùn pàápàá, ẹlòmíràn ló bi í, torí ẹni tó ń sanwó ìwádìí ló ń yan ohun tí wọn yóò wádìí. Tó bá sì wá kọ̀wé, àwọn tó wà lókè òkun ló ń kọ ọ́ sí. Onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn tàbí Lomé lè má gbúròó rẹ̀, ká má tilẹ̀ wá sọ ti àgbẹ̀ tó fún un ní ewé.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ohun tí onímọ̀ náà ń lò nínú láàbù tó lè fi èyí hàn án. Ẹ̀rọ rẹ̀ lè péye, ìṣirò rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́ délẹ̀délẹ̀, síbẹ̀ kó jẹ́ alágbàṣe lórí oko bàbá ara rẹ̀. Ẹni tó kọ́ fìlọ́sọ́fì ló rí i, ó sì sọ ọ́ fún un.

Hountondji kò sì dúró sórí ìráhùn. Ní 1994, ìwé kan jáde ní Dakar lábẹ́ àbójútó rẹ̀, tí wọ́n pè ní Les savoirs endogènes, ìyẹn ìmọ̀ tó ti inú wa jáde. Ó kó àwọn onímọ̀ jọ láti yẹ ohun tí àwọn baba wa mọ̀ wò: bí wọ́n ṣe ń yọ́ irin, bí wọ́n ṣe ń ka nǹkan, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń rọ òjò, ọ̀rọ̀ oògùn. Ẹnìkan nínú wọn tilẹ̀ fi ìṣirò yẹ ètò Fá wò. Kò ní kí a gba gbogbo ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa, kò sì ní kí a dà á nù. Ó ní kí a dán an wò, kí èyí tó bá dúró wọ inú ìmọ̀ tí à ń kọ́ lónìí. Inú rẹ̀ kò dùn rárá sí àwọn tó ń to òwe jọ tí wọ́n ń pè é ní fìlọ́sọ́fì Áfíríkà. Ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dìde sọ èrò tirẹ̀, kó fi ẹ̀rí gbè é, kí ẹlòmíràn lè ta kò ó. Ọ̀rọ̀ yẹn ba àwa oníròyìn tí a kì í lè kọ ìlà mẹ́wàá láì pa òwe, ẹ jẹ́ ká rọra kọjá níbẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán nìyí, kó gbọ́ ìtàn oògùn kan tó ti àárín àwa Yorùbá jáde. Àìsàn fònìkú-fọ̀ladìde, tí wọ́n ń pè ní drépanocytose ní ilé-ìwòsàn wa, kò ṣàjèjì ní àdúgbò yìí. Àwọn ìyá tó ń gbé ọmọ sá kiri lóru mọ̀ ọ́n. Ní Nàìjíríà, oníṣègùn ìbílẹ̀ kan tó jẹ́ Yorùbá ní àgbo tó fi ń tọ́jú rẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pamọ́ mọ́: ìyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ọkà bàbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta èròjà ọbẹ̀ ń wọn méjì nínú wọn fún èèyàn lójoojúmọ́. Ní àwọn ọdún 1990, àgbo náà dé ọwọ́ àwọn onímọ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba ní Abuja, tí wọ́n ń pè ní NIPRD. Wọ́n bá oníṣègùn náà tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Wọ́n dán an wò lára ẹranko, wọ́n dán an wò lára èèyàn, wọ́n rí i pé ó jọ pé ó ń dín ìrora kù, wọ́n sì sọ ọ́ ní Niprisan. Ní 1998 wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Títí débí yìí, ìtàn náà dùn.

Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé àṣẹ ṣíṣe é fún ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, tó gbé e sọ́jà ní Nàìjíríà ní 2006 pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Nígbà tó di 2008, ilé-iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù lọ́hùn-ún láti sọ pé gbèsè ti bo òun mọ́lẹ̀. Oògùn tí èròjà rẹ̀ wà lórí àtẹ lọ́jà wa di ohun tí aláìsàn ń wá tì.

Kì í ṣe láàbù ni wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ náà mọ iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí ni à ń pè ní ìwòsàn fún àìsàn tí wọ́n bí mọ́ ọmọ? Ṣé kí ìrora dín kù ni, àbí kí ẹ̀jẹ̀ yí padà? Ẹ̀rí mélòó ló tó kí a tó fi í fún gbogbo ọmọ mu? Ta ló ni oògùn tí oníṣègùn kan mọ̀, tí ilé-iṣẹ́ ìjọba yẹ̀ wò, tí ilé-iṣẹ́ àjèjì sì ń tà? Amòfin lè kọ ìwé àdéhùn, akọ̀wé owó lè ka èrè, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnìkan ti jókòó ronú lórí ohun tó túmọ̀ sí pé èèyàn ni ìmọ̀ kan, kí wọ́n tó gbé bírò. Tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò bá kọ́ bí a ṣe ń ronú bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò bá a ronú rẹ̀, tirẹ̀ ni onítọ̀hún yóò sì rò.

Èdè wa pàápàá ní ohun tó lè kọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. J. Olubi Sodipo, ọ̀jọ̀gbọ́n fìlọ́sọ́fì ní Ifẹ̀, àti Barry Hallen, ọmọ Amẹ́ríkà tó bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀, jókòó ti àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Èkìtì fún ọdún púpọ̀, wọ́n sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1986. Kì í ṣe oògùn ni wọ́n wá lọ. Wọ́n fẹ́ mọ̀ pé nígbà tí àwọn àgbà yìí bá ní àwọn mọ nǹkan, kí ni wọ́n ń sọ? Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé ìmọ̀ ni ohun tí èèyàn fi ojú ara rẹ̀ rí tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí. Ohun tí wọ́n bá sọ fúnni, bó ti wù kí ẹni tó sọ ọ́ ṣeé gbára lé tó, ìgbàgbọ́ ni: a gbọ́ ọ, a sì gbà á. Ìgbàgbọ́ lè di ìmọ̀, àmọ́ ó di ìgbà tí a bá dán an wò.

Ẹ wá fi òṣùwọ̀n yẹn wo ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ọmọ tó há a sórí pé ayé ń yí oòrùn po, tí kò sì lè sọ bí wọ́n ṣe mọ̀, ìgbàgbọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kódà kí wọ́n fún un ní ogún nínú ogún.

Àwa àgbà náà kò sàn jù ú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ààrẹ Madagascar gbé ohun mímu kan jáde tí wọ́n pè ní Covid-Organics, ó ní ó ń dènà àrùn náà, ó sì ń wò ó sàn. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Áfíríkà ránṣẹ́ gbà á. Lọ́jà, àwọn kan ń yìn ín nítorí pé ọ̀dọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú ló ti wá. Àwọn mìíràn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú ló ti wá. Apá méjèèjì kò dán nǹkan kan wò. Ibi tí oògùn ti wá kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́, kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó ti kọ́ láti ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára ìyẹn, kò ní jẹ́ kí ìgbéraga tàbí ìtìjú bá òun ka èsì ìwádìí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọ̀rọ̀ àwa tí a kò ní láàbù tó pọ̀ nìkan nìyí. Ní 1902, ní ìlú Bern ní Switzerland, Albert Einstein, tí ayé kò tíì mọ̀ nígbà náà, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì dá ẹgbẹ́ ìkàwé kékeré kan sílẹ̀. Wọ́n ń ka David Hume, wọ́n ń ka Ernst Mach, wọ́n ń jiyàn. Ọ́fíìsì ìjọba ló ń bá ṣiṣẹ́, kò sí láàbù lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1905 ó tẹ iṣẹ́ tó yí físíìsì padà jáde, ìbéèrè tó wà ní ìdí rẹ̀ sì jọ ti ọmọdé: tí a bá ní nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ lásìkò kan náà níbi tó jìnnà síra, báwo la ṣe mọ̀? Einstein fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ìwé àwọn méjèèjì yẹn ran òun lọ́wọ́ gidi.

Kì í ṣe pé à ń bẹ̀bẹ̀ kí àwọn ọmọ máa ka orúkọ òyìnbó tó ti kú sórí. A gbà pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní ọ̀pọ̀ kíláàsì ló ń lé wọn sá. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ń há a, wọ́n ń dà á padà sórí ìwé ìdánwò, ó parí. Ẹ̀kọ́ tó yẹ kó fi ìbéèrè lé ọmọ lọ́wọ́ ti di ẹ̀kọ́ ìdáhùn. Ohun tí à ń fẹ́ ni kí olùkọ́ fìlọ́sọ́fì àti olùkọ́ ẹ̀kọ́ ohun ẹlẹ́mìí jọ wọ kíláàsì kan náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ kan tó wà nílẹ̀ yẹ̀ wò: etíkun, àgbo, abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kò gba owó. Ní Abomey-Calavi, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ìwé oyè lórí ewé tàbí lórí àìsàn fi ojú ìwé kan sí i níwájú, kó sọ ẹni tó bi ìbéèrè tó ń dáhùn, ẹni tó máa ka iṣẹ́ náà, àti ohun tí ẹni tó là á lọ́yẹ̀ máa rí gbà. Kí ẹnìkan láti ẹ̀ka fìlọ́sọ́fì wà lára àwọn tó máa jókòó gbọ́ ọ. Yóò nira fún àwọn kan láti kọ ojú ìwé kan yẹn ju gbogbo ìyókù lọ.

Ẹ̀yin eléwé ọmọ àti ẹ̀yin tí ẹ ń ta egbòogi, tiyín ló kù. Àdéhùn Nagoya, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014 tí orílẹ̀-èdè wa sì wà nínú rẹ̀, sọ pé ẹni tó bá fẹ́ lo ewé àti ìmọ̀ ará ìlú gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, kó sì pín nínú èrè rẹ̀ fún wọn. Nítorí náà, bí ọ̀dọ́mọdé kan bá dé ìdí àtẹ yín pẹ̀lú ìwé àti bírò, tó ń béèrè pé ewé wo ni wọ́n ń fi ṣe kí ni, ẹ má lé e. Ọmọ yín ni, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹ ṣáà bi í pé ta ló rán an, èdè wo ló máa fi kọ ọ́, àti ọjọ́ wo ló máa padà wá sọ ohun tó rí fún yín. Bó bá ní òun kò tíì ronú kan ìyẹn, ẹ gbé àpótí fún un kó jókòó ronú níbẹ̀.